Windows 10 ti re ibi àgbà ń rè: ṣé ká yí padà ni, àbí ká jókòó síbi tá a wà?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, ìyẹn ètò tó ń darí iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń lò láti ọdún 2015. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kọ̀ǹpútà tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà ṣe é kọ, ìwé ṣe é tẹ̀ jáde, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń ṣiṣẹ́. Èéfín kò rú, ariwo kò sọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà kò ju ọgbọ́n àtitajà lọ.

Apá kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó ń ta ọjà tuntun kò ní yin ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Òkèṣà tàbí Ajílósùn ní Adó-Èkìtì, olùkọ́ tó ń fi laptọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣètò máàkì akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìgèdè, akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń kọ owó ọmọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní Ìyìn, gbogbo wọn ló ní ìpinnu kan láti ṣe. Bí wọ́n bá sì kọ̀ tí wọn kò ṣe é, kíkọ̀ náà ti di ìpinnu. Èyí tó ká wa lára jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà nìkan kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀ bí ìpinnu náà bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yé ara wa lórí ohun tó parí gan-an. Microsoft kò wọlé ẹnikẹ́ni wá gba kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tó dáwọ́ dúró ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ètò bíi Windows dà bí ilé ńlá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fèrèsé. Àwọn tó kọ́ ilé náà pàápàá kò mọ gbogbo fèrèsé tí kò pa dé dáadáa. Oṣooṣù ni wọ́n ń rí ibi tó ṣí sílẹ̀, oṣooṣù náà ni wọ́n sì ń rán káfíńtà wá dí i. Ní báyìí, ẹni tí kò bá ṣe ètò pàtàkì kan tí a ó sọ níwájú, káfíńtà kò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé Windows 11, tó jáde ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, orí ìpìlẹ̀ Windows 10 ni wọ́n gbé e lé. Bí wọ́n bá dí fèrèsé kan lára tuntun, olè tó gbọ́n yóò wo ibi tí wọ́n dí, yóò sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí lára ti àtijọ́. Nítorí náà, ewu ọ̀rọ̀ yìí kì í bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí oṣù bá ṣe ń gorí oṣù ló ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá sọ pé òun ti lo tòun fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí wàhálà, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohunkóhun nípa oṣù tó ń bọ̀.

Kí ló wá kan Èkìtì nínú èyí? Ó kàn án gidi. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 1996 tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpínlẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni Èkìtì. Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lọ́nà Ìwòròkò, Federal Polytechnic wà ní Adó, Fásitì Afẹ́ Babalọlá náà wà nílùú kan náà. Ibi tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kì í jìnnà síbẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí àga méjì gbà ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìgbàwọlé JAMB jáde, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wo èsì WAEC, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé NIN, tí wọ́n ti ń kọ ìwé àṣekágbá fásitì, tí àwọn tó fẹ́ lọ sin ilẹ̀ bàbá wọn ti ń forúkọ sílẹ̀ fún NYSC. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà ń gba ibẹ̀ kọjá, ìwé owó ìfẹ̀yìntì náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn lè ní òun kò ní nǹkan tí olè lè jí. Òótọ́ lè wà nínú ìyẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ní i.

Kì í ṣe pé ìjọba kò ná owó lórí kọ̀ǹpútà ní Èkìtì. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín ọdún 2010 sí 2014, wọ́n pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó padà dé, lóṣù karùn-ún ọdún 2020, ó dín owó tí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń san kí wọ́n tó ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ilẹ̀ kù láti ₦4,500 wá sí ₦145. Ìgbésẹ̀ gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ra kọ̀ǹpútà tí a sì ń fa íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣọ̀wọ́n ká gbọ́ ẹni tó ń béèrè ohun tó yẹ ká ṣe ní ọjọ́ tí ọjọ́ orí ètò inú rẹ̀ bá pé. Bí ẹni ra mọ́tò tí kò ya owó ọ́ìlì sọ́tọ̀ ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká wá fi àwọn tó ń bẹ̀rù àtúnṣe ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Lóṣù kẹwàá ọdún 2018, àtúnṣe ńlá tí Microsoft fúnra rẹ̀ gbé jáde fún Windows 10 pa fáìlì àwọn kan rẹ́ pátápátá, débi pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, ọdún 2024, iléeṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ta ètò ààbò fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, fi àtúnṣe kan tó ní àbùkù ránṣẹ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows ló dákú káàkiri ayé, bàálù kò lè gbéra, ilé ìwòsàn àti báńkì dúró sójú kan. Nílé wa níbí, lọ́dún 2024 kan náà, báńkì GTBank, Zenith àti Sterling pààrọ̀ ètò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà sì figbe ta pé owó àwọn kò ṣe é fi ránṣẹ́. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, ó di dandan kó sá.

A ó tún fi ti Nàìjíríà kún un. Fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà tóbi ju 5GB lọ, bẹ́ẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà. Iná mànàmáná sì lè lọ nígbà tí iṣẹ́ náà bá dé ìdajì. Kọ̀ǹpútà tí iná bá kú mọ́ lórí ní ìdajì ọ̀nà lè má tàn mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi fọ gbogbo inú rẹ̀ nù. Fún ẹni tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló fi ń bọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde láti fi dí ihò kan lára Windows. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rí i, wọ́n ní àwọn yóò fi sí i tó bá yá. Kò pé oṣù méjì, ní ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, ọdún náà, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọlé. Ó ti àwọn fáìlì pa, ó sì ń béèrè owó kó tó ṣí wọn. Ó lé ní 200,000 kọ̀ǹpútà tó kàn ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà tó jẹ́ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́, 80 nínú 236 ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà dà rú mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ṣírò pé ó lé ní 19,000 aláìsàn tí wọ́n ti fún ní ọjọ́ láti wá rí dókítà tí wọ́n tún ní kó padà sílé.

Ẹ kíyèsí ohun kan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn tó fara gbọgbẹ́ ń lo Windows 7, tí Microsoft ṣì ń tọ́jú nígbà náà. Àtúnṣe wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọn kò kàn fi sí i ni. Ti àwọn tó bá jókòó sórí Windows 10 láìṣe ètò kankan tún ju ìyẹn lọ, nítorí nígbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, àtúnṣe tiwọn kò ní í sí nílẹ̀ rárá.

Ewu kẹta wà, òun ló sì ṣẹlẹ̀ sí wa jù. Òun ni kéèyàn yí apá kan padà kó fi apá kejì sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn. Ohun tó fà á ni pé nígbà ìdánwò UTME ọdún náà, àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n fi sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ, wọ́n fi sórí apá kan, wọn kò fi sórí èyí tó ń ṣojú Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí èsì fi jáde. Ọmọ 206,610 ní ibùdó 65 l'Ékòó, àti ọmọ 173,387 ní ibùdó 92 nílẹ̀ Ìgbò, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 379,997. Máàkì tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì ní láti pè wọ́n padà wá tún ìdánwò ṣe. Èkìtì kò sí lára àwọn tí JAMB dárúkọ, ṣùgbọ́n ilé wo ní Adó ni kò lọ́mọ tó ń ṣe JAMB? Àwọn ọmọ yẹn kò ni kọ̀ǹpútà kankan, wọn kò sì jókòó sí ìpàdé tí wọ́n ti ṣe ìpinnu. Síbẹ̀, àwọn ló jẹ ìyà rẹ̀. Òun gan-an ni a ń wí.

Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tí yóò ṣe? Àyẹ̀wò ni àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló lè gba Windows 11. Microsoft là á sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní RAM 4GB ó kéré tán, àyè ìkófáìlìsí 64GB, àti ègé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí kọ̀ǹpútà. Yàtọ̀ sí díẹ̀ kéréje, ọpọlọ rẹ̀ tó bá jẹ́ Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Bí wọ́n bá kọ i5-6300U síbẹ̀, 6 tó ṣáájú nínú nọ́ńbà náà ló ń sọ ìran rẹ̀, kò yege nìyẹn. Bó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni, ó yege. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà lọ́dọ̀ Microsoft tí wọ́n ń pè ní PC Health Check, òun ni yóò sọ fún yín láàárín ìṣẹ́jú kan bóyá tiyín lè gbà á tàbí kò lè gbà á.

Ibí yìí gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tó wà nígboro wa, tòkúnbọ̀ ni. Àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ti lò ó kó tó dé Ìkẹjà, láti Ìkẹjà ló ti ń wá sí Adó. Jeffrey Clarke, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ Dell, sọ lóṣù kọkànlá ọdún 2025 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 kọ̀ǹpútà ló wà láyé tó lè gba Windows 11 tí àwọn tó ni ín kò tíì yí i padà, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 mìíràn ló ti dàgbà jù láti gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, níbo lẹ rò pé àwọn tó ti dàgbà jù yẹn máa gbà lọ? Ọjà tòkúnbọ̀ kò ní í ṣàì rí nínú rẹ̀. Wọn yóò dán, owó wọn yóò sì wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ìran rẹ̀ kó tó yọ owó.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà nílẹ̀ fún ẹni tó wà lórí Windows 10. Èkíní ni kó yí padà sí Windows 11 bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá yege. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí Windows 10 rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí RAM rẹ̀ tó 8GB, nítorí 4GB tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn, ìfaradà ni.

Èkejì ni kó gba àfikún ìtọ́jú tí Microsoft ń pè ní ESU, òun ni ètò pàtàkì tí a mẹ́nu bà lókè. Fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà nílé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2026 ni wọ́n fi ṣe òpin ọdún kìíní tí wọ́n kéde rẹ̀. $30 ni owó rẹ̀. Ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lóṣù kẹwàá ọdún 2025, tó jẹ́ nǹkan bíi ₦1,450, ìyẹn jẹ́ ₦43,500, bẹ́ẹ̀ ₦70,000 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti gbà á láìsan kọ́bọ̀: ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tó sì jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa lọ sí ọ̀dọ̀ wọn fún ìpamọ́, kò ní í sanwó. Ti iléeṣẹ́ yàtọ̀. $61 ni wọ́n ń gba lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ́dún kìíní, yóò sì di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́ta ó pẹ́ jù.

Ẹ̀kẹta ni kó kúrò lórí Windows pátápátá, kó lọ sórí Linux, irú bí Ubuntu tàbí Linux Mint. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń sáré lórí kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà. Ìwé kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìṣirò owó, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe. Ibi tó ti lè ṣòro ni fún àwọn tó ń ya káàdì ìgbéyàwó àti pátákó ìpolówó, nítorí Photoshop àti CorelDRAW kò ní ẹ̀dà tó wà fún Linux. Ìlà ìwé tí wọ́n fi Word kọ náà lè yẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá ṣí i níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán. Èyí náà dára, tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n fíláàṣì tí oníbàárà ń kì bọ inú rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀nà ni fún kòkòrò kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà karùn-ún wà tí àwọn oníṣẹ́ kan ń dá lábà fún àwọn èèyàn, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà tí kò yege. Ó ṣe é ṣe lóòótọ́. Àmọ́ Microsoft ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tìtorí àtúnṣe la ṣe fẹ́ yí padà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, èrò tiwa rèé. Kéèyàn tó béèrè bóyá tuntun dára ju àtijọ́ lọ, kó kọ́kọ́ béèrè ẹrù ẹni tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Bó bá jẹ́ ẹrù rẹ nìkan, bóyá orin àti fọ́tò àti lẹ́tà, o lè fara balẹ̀, kí o gba ESU, kí o sì máa fi owó pamọ́ de òmíràn. Ìwọ lo ni ewu, ìwọ lo sì ni ìpinnu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹrù ẹlòmíràn, bíi nọ́ńbà NIN wọn, èsì ìdánwò wọn, owó àjọ wọn, àkọsílẹ̀ àìsàn wọn, a kò rò pé ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí àtúnṣe. Kí ó yí padà, tàbí kó sanwó àfikún ìtọ́jú, tàbí kó lọ sórí Linux, tàbí kó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023 náà sọ pé ẹni tó bá ń kó ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn pamọ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Bí wọ́n bá jí i lọ tó sì lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 ni òfin fún un láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí.

Ẹni tó bá ti pinnu láti yí padà, kó má ṣe kánjú. Kó kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì rẹ̀ sórí ohun ìpamọ́ mìíràn tó yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà náà, kó sì ṣí díẹ̀ nínú wọn wò kó lè dá a lójú pé wọ́n wà níbẹ̀. Kí bátìrì laptọ́ọ̀pù kún dáadáa, kí kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì wà lórí ìnfátà tàbí UPS. Kó má ṣe é lọ́sẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà márùn-ún, kó fi ọ̀kan ṣe ìdánwò, kó lo òun nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan, kó wò ó bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ bá a mu, kó tó kan àwọn tó kù. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kó parí rẹ̀, kó kọ ọjọ́ tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí JAMB fi hàn pé apá kan tó kù tí kò sẹ́ni tó mọ̀ lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ti dátà, kò sí ìdí tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tó wà lójú kan ní Ìwòròkò yóò fi máa san owó 5GB lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹgbẹ́ wọn gba fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra rẹ̀, kí wọ́n dà á sórí fíláàṣì kan tó mọ́, kó sì máa yípo láàárín wọn. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó aṣọ ọdún lè ṣe ìyẹn.

Ìjọba Gómìnà Bíọ́dún Oyèbánjí náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, ti ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn, ẹrù gbogbo ará ìlú ló wà nínú wọn. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ wà tí yóò fi hàn iye tó ṣì wà lórí Windows 10, iye tó lè yí padà, àti iye tí wọn yóò gbé lọ sórí Linux, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ sínú ìwé ètò ìṣúná. Bí ìjọba bá ń ra kọ̀ǹpútà tuntun, kí ìwé àdéhùn sọ ọdún tí ìtọ́jú ètò inú rẹ̀ yóò parí.

A kò sì ní í fi Microsoft sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà nílẹ̀ Yúróòpù fárígá lọ́dún 2025, iléeṣẹ́ náà gbà láti fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọdún kan àfikún ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, láìní kí wọ́n kó ètò kọ̀ǹpútà wọn wá sí ọ̀dọ̀ òun. Ọmọ Nàìjíríà kò rí irú rẹ̀ gbà. Àjọ FCCPC tó bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là fún iléeṣẹ́ Meta lóṣù keje ọdún 2024 ti fi hàn pé òun lè dojú kọ iléeṣẹ́ ńlá bó bá wù ú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí àjọ náà béèrè ìdí tí ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ará Jámánì fi ní ìdíwọ́ fún ará Èkìtì tí owó rẹ̀ kéré sí tirẹ̀.

Kó tó di pé ìjọba àti àjọ dáhùn, ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Bí ẹ bá jí lọ́la, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tiyín yege. Kí ẹ̀yin oníbàárà náà máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gbé ìwé NIN yín lé lọ́wọ́ pé: kọ̀ǹpútà yín yìí, ìgbà wo lẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀ gbẹ̀yìn?